Kòtò Èédú Kerkrade, àti Ìbéèrè Ìyá Kan ní Ṣàgámù

Ẹ kú ìjókòó o. Alága ní ogún ìṣẹ́jú ni mo ní. Ẹni tó bá mọ̀ mí ti mọ̀ pé títì kan ṣoṣo ni màá fi í jẹ tán. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sì ni mí, ẹ̀yin Rẹ́mọ ẹ rọra bínú sí mi.

Títì náà wà ní Kerkrade, ìlú kékeré kan ní gúúsù Netherlands. Nieuwstraat ni wọ́n ń pè é lápá kan, Neustraße lápá kejì, nítorí Jámánì ni apá kejì. Ìpàdé Vienna ti ọdún 1815, níbi tí àwọn alágbára Yúróòpù ti pín ilẹ̀, ló la àdúgbò náà sí méjì. Títí di ìgbà tí 1990 ti kọjá, ògiri kúkúrú kan wà láàárín títì tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ dá kọjá. Èdè àdúgbò kan náà ni tọ̀tún tòsì ń sọ. Ẹni tó bá ti gba Ìdírókò kọjá, tó sì ń gbọ́ Yorùbá lódìkejì, mọ ohun tí mò ń wí.

Èédú tí wọ́n ń wà nínú kòtò ló ń bọ́ wọn. Ní 1959, wọ́n rí gáàsì ní Slochteren, ní àríwá Netherlands; epo náà di pọ́ọ́kú, èédú òkèèrè sì dínwó ju tiwọn lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1965, Joop den Uyl, mínísítà ètò ọrọ̀ ajé, lọ sí Heerlen tó wà nítòsí, ó sì sọ ọ́ gbangba pé wọn yóò ti àwọn kòtò náà. Kòtò Domaniale ti Kerkrade kógbá wọlé ní 1969, èyí tó kẹ́yìn ní Heerlen ní ìparí ọdún 1974.

Àríyànjiyàn mi àtijọ́ rèé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní ètò wọn dára: wọ́n gbé ọ́fíìsì ìjọba lọ sí Heerlen, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ DAF sí ìlú Born. Ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ló lè sọ bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ tó ti ń di àáké mú láti kékeré kì í di ọwọ́ akọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tí eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ ńkọ́? Wọ́n tún wó ilé orí kòtò palẹ̀, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n ní àwọn ń sọ dúdú di àwọ̀ ewé.

Ti kòtò èédú Enugu ló kàn. Ẹ ti mọ Iva Valley, 1949, níbi tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú. Mi ò ní tún ìtàn náà sọ.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti nawọ́ lẹ́yìn. “Tíṣà, òkúta tí wọ́n ń wà níbí láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ṣé kì í tán ni?”

Gbọ̀ngàn hó yèè. Mo ní ó máa ń tán, ìyá.

“Lọ́jọ́ tó bá tán, ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́? Ọmọ mi tó ń gbẹ́rù níbẹ̀ ni, àbí oníwèé ìròyìn?”

Mo ní ẹ̀tọ́ yín ni pé kí ẹ kọ̀wé béèrè iye ọdún tó kù nínú òkúta náà, nísinsìnyí tí iṣẹ́ ṣì ń lọ.

“Ẹ bá wa kọ ọ́.”

Agogo alága ti lù. Mo yí ìwé Enugu mi padà, a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.