Ta Ló Ni Ohun Tó Ṣẹ́ Kù?

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú Jímọ̀, ẹ̀yin ará.

Ọmọ ìyá èṣù ni àwọn onínàákúnàá. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun yìí kò ṣàjèjì sí wa, ó wà nínú Súrà Isrā, ààyá 27. Ààfáà á kà á níbi ìnáwó, a ó mi orí, a ó sì tún dìde lọ náwó fún onílù. Ààyá 26 tó ṣáájú rẹ̀ gan-an la máa ń fò. Níbẹ̀, Ọlọ́hun kọ́kọ́ ní ká fún ìbátan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti tálákà, àti onírìn-àjò. Ẹ̀yìn èyí ló tó sọ pé ká má ná ìnákúnàá. Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn wà nínú owó wa, ẹni tó bá fi ṣòfò, ohun olóhun ló fi ṣòfò.

Omi mudu kan ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá, Bukhari àti Muslim, àwọn ààfáà àtijọ́ tó kó ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì jọ, ló gbà á wá. Kò tó líítà kan. (Ẹ wo bí omi ṣe ń ṣàn ní mọ́ṣáláṣí wa!) Nígbà tí ọ̀dá dá ní Mẹ́dínà lọ́dún 18 Hijira, Sàyídínà Umar ò fẹnu kan òrí àmọ́ mọ́, òróró ló ń fi jẹun títí àwọ̀ ara rẹ̀ fi yí padà. Kì í ṣe pé kò ní. Olórí ni, ìṣúra ìlú wà níkàáwọ́ rẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ jẹ ohun tí ará ìlú kò rí jẹ.

Àwọn bàbá wa náà mọ ìṣọ́wóná. Kí báńkì tó dé ni wọ́n ti ń dá èésú. Lọ́dún 1935, ìjọba òyìnbó ṣòfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó wa sì jàǹfààní rẹ̀. Owó tí ẹnì kan ò ná lóṣù yìí ni ẹlòmíràn ń yá san owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹni iyì ni ẹni tó ń tọ́jú owó nígbà náà.

Lónìí, ẹni tí kò bá ra aṣọ ẹbí, ahun ni. A ń torí ìkómọ àti wòlímọ̀ yá owó èlé lórí fóònù, èlé tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀! Àwọn kan sì wà lódì kejì: ìyá wọn ò rówó ra oògùn nílé, wọ́n ní àwọn ń ṣọ́wó ná nítorí ilé tí àwọn ń kọ́. Ààyá 29 nínú Súrà kan náà bá àwọn méjèèjì wí: má so ọwọ́ rẹ mọ́ ọrùn, má sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán pátápátá.

Ẹni tí kò rí jẹ kọ́ là ń bá wí o. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi oúnjẹ du ara wọn. Ẹ má wàásù ìṣọ́wóná fún wọn, ẹ gbé ìrẹsì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó yín ṣì ni. Bí àpapọ̀ ohun tí ẹ ní bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, tí ọdún Hijira kan sì ti yí lé e, ẹ bá ààfáà ṣírò rẹ̀, kí ẹ yọ sàká, náírà 25 nínú 1,000.