Wáàsí Jímọ̀: Ariwo Wa àti Ìdákẹ́jẹ́ Àwọn Òkè

Àsàláámù aléékùm wàráhúmátúlláhì wàbàrákátù.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀kan nínú àwọn súrà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń ké nínú ìrun Jímọ̀ ni Súrátúl-Gọ́ọ̀ṣíyà. Hádíìsì rẹ̀ wà nínú ìwé Ímáámù Múslímù, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ. Inú súrà yìí ni Ọlọ́hun ti bi wá pé ṣé a kò wo ràkúnmí ni, bí wọ́n ṣe dá a. Àti sánmọ̀, bí wọ́n ṣe gbé e ga. Àti àwọn òkè, bí wọ́n ṣe fi wọ́n múlẹ̀. Àti ilẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù ní mọ́sálásí ni Ànábì ń fi ìbéèrè yìí lọ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn òkè níbẹ̀ lónìí.

Ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Switzerland, lẹ́bàá ìlú kékeré tí ń jẹ́ Zernez, ọgbà kan wà láàárín àwọn òkè Alps tí ìjọba fi dá ẹranko àti igi sí, Swiss National Park ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Alps. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Jámánì kéde ogun sí Rọ́ṣíà. Yúróòpù ń ki ìbọn, àwọn kan sì ń ya òkè àti àfonífojì sọ́tọ̀ kí ohun abẹ̀mí lè sinmi. Àwọn òkè ibẹ̀ ga débi pé òmíràn ju mítà 3,100 lọ.

Ẹ gbọ́ òfin ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là. Ẹ ò gbọdọ̀ já òdòdó, ẹ ò gbọdọ̀ dáná, ẹ ò gbọdọ̀ pàgọ́ sùn. Ajá kò gbọdọ̀ wọlé, kódà bí okùn bá wà lọ́rùn rẹ̀. Igi tó bá wó, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí, kí kòkòrò àti olú rí oúnjẹ jẹ. Bí òjò dídì bá ti ń rọ̀ nígbà òtútù, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, ó di ti àwọn ẹranko nìkan.

Nígbà tí mo ka òfin yìí, Makkah ni ọkàn mi lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Makkah, tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, Ànábì ní wọn kò gbọdọ̀ gé ẹ̀gún rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kò sí ilẹ̀ òyìnbó tó lè bá Háráámù Ọlọ́hun, ìyẹn ilẹ̀ mímọ́ Makkah, dọ́gba. Àmọ́ ó dùn mí pé àwa tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, igi mélòó la dá sí ní àdúgbò wa nítorí Ọlọ́hun?

Ọlọ́hun sọ nínú Súrátúl-Anáámù pé kò sí ẹranko kan lórí ilẹ̀, tàbí ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì fò, àfi kí wọ́n jẹ́ ìjọ bí irú yín. Ẹ wo ohun tí a ṣe sí àwọn ìjọ yìí. Ewúrẹ́ òkè tí ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn (ibex), ìbọn ọdẹ ti pa á tán ní Switzerland. Ìyókù wọn wà ní ilẹ̀ ọdẹ ọba Ítálì, ní Gran Paradiso. Ọdún 1920 ni wọ́n kó díẹ̀ wá sínú ọgbà yìí. Ti igún onírùngbọ̀n ló ká mi lára jù. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn pé ó ń gbé ọmọ àgùntàn, pé ó tilẹ̀ ń gbé ọmọ ènìyàn lọ. Egungun òkú ẹran sì ni oúnjẹ rẹ̀. Yóò gbé egungun lọ sókè, yóò jù ú sórí àpáta kó lè fọ́, yóò sì gbé e mì. Irọ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi pa á tán ní Alps. Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà yìí. Àhesọ lásán, ó pa odindi ìjọ kan run! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò wádìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Nínú ọgbà yìí, omi yìnyín tó ń yọ́, afẹ́fẹ́, àti ìró bíi ti fèrè tí ẹranko marmot fi ń kìlọ̀ fún ẹbí rẹ̀, irú ohun tí etí sábà máa ń gbọ́ nìyẹn. Síbẹ̀ Súrátúl-Isráì sọ fún wa pé kò sí nǹkan kan tí kì í ṣe àfọ̀mọ́ fún Ọlọ́hun pẹ̀lú ẹyìn Rẹ̀, ṣùgbọ́n àfọ̀mọ́ wọn kò yé wa. Ibẹ̀ kún fún ìjọ́sìn.

Nínú ìrìnàjò kan, àwọn sàábé ń gbóhùn sókè pẹ̀lú kábárà (Allāhu Akbar) bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Ànábì ní kí wọ́n rọra ṣe é, nítorí pé wọn kò pe adití, wọn kò sì pe ẹni tí kò sí nítòsí. Ẹni tó ń gbọ́, tó sún mọ́ wọn ni wọ́n ń pè. Abú Músà ló gba ọ̀rọ̀ yìí wá. Kábárà ni wọ́n ń ṣe o, wọ́n sì ní kí wọ́n rọra! Kí ni ká wá sọ nípa ariwo tiwa?

Ànábì tún sọ pé bí o bá sọ fún ẹnìkejì rẹ pé "dákẹ́" nígbà tí lìmọ́ọ̀mù ń ṣe kùtúbà lọ́jọ́ Jímọ̀, o ti sọ ìsọkúsọ. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan òkúta wẹ́wẹ́ nígbà náà, ó ti ṣe àṣedànù. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí o ń tẹ̀ lábẹ́ agbádá ńkọ́? Ọlọ́hun sọ nínú Súrátúl-Háṣìrì pé bí Ó bá sọ Àlùkùránì yìí kalẹ̀ sórí òkè ni, à bá rí òkè náà tí yóò rẹlẹ̀, tí yóò fọ́ nítorí ìpáyà Ọlọ́hun. Òkè tó ga ju mítà 3,000 lọ! Orí wa ni wọ́n ń ké e sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó wọ mọ́sálásí lónìí, pa fóònù rẹ. Bí lìmọ́ọ̀mù bá gun mínbárì, gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrun Àsìrì, wá ibi tó pa rọ́rọ́ jókòó sí, wo sánmọ̀, wo igi tó wà níwájú rẹ, kí o sì rántí Olúwa rẹ nínú ẹ̀mí rẹ láìgbóhùn sókè.

Kí Ọlọ́hun gba ìrun wa, kí Ó sì forí jin àwọn òbí wa. Jímọ̀ Mùbáárákà.