Kí Ẹ Tó Gbé Ọkọ̀ Lọ Yí sí Gáàsì: Tẹmositáàtì Yín Dà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ wa. Onítáksì, ọlọ́kọ̀rọ́pẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé èrò látorí fóònù, ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kàn ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń gbé yín bọ̀, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀.

Mi ò ní máa sọ fún yín pé epo wọ́n. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rà á. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tí kò tó 200 náírà fò sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìjọba gbé ètò Pi-CNG jáde, ìyẹn ètò ààrẹ láti mú kí ọkọ̀ máa lo CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà, gbogbo èèyàn wá ń sọ pé àwọn fẹ́ yí ọkọ̀ àwọn sí gáàsì. Ó dáa. Èmi náà fọwọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹ tó yí i, ẹ wo tẹmositáàtì yín, nǹkan kékeré tó ń ti omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú bírò.

Ká ní ọkọ̀ yín ń rin kìlómítà 10 lórí lítà epo kan, ẹ sì ń rin 150 lóòjọ́. Lítà 15 nìyẹn. SCM, ìyẹn kúbíìkì mítà gáàsì, ni wọ́n fi ń ta gáàsì CNG, ẹ sì lè kà á sí pé SCM kan ń ṣe iṣẹ́ lítà epo kan. Ó tiẹ̀ máa ń fi díẹ̀ jù ú lọ. Ká ní epo jẹ́ 900 náírà, gáàsì jẹ́ 450. Ohun tó ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ lóòjọ́ jẹ́ 6,750. Ẹ yọ epo tí ẹ ó ṣì máa fi ṣáná sí ọkọ̀, ẹ fi í sí 6,000. Bí iṣẹ́ náà bá gba mílíọ̀nù kan náírà, ọjọ́ iṣẹ́ 167 lowó yín á ti padà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, kò tó oṣù méje. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á ládùúgbò yín rọ́pò tèmi, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lo lítà 10 lọ́sẹ̀ kan ńkọ́? Bí 4,000 náírà ló máa ṣẹ́ kù sí yín lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 250! Ọdún márùn-ún ó dín díẹ̀ kí owó tó padà. Ẹ má yí i. Ẹ wo apá ibi tí mo ti ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún tìyẹn ṣe, kí ẹ jẹ́ kí fọkanáísà fẹ́ táyà yín dé iye tó wà lára ìwé ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ohun kan tún wà kí n tó kúrò lórí ìṣirò: ọ̀nà yín dà? Sìlíńdà onílítà 65 tó máa ń wà nínú bùútù, nǹkan bí SCM 14 ló ń gbà. Ìyẹn á gbé yín láti Èkó dé Ìbàdàn. Bíbọ̀ padà ni kò dájú. Tí ẹ bá lọ rọ gáàsì lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n sì yára tì í sínú, gáàsì náà á gbóná, gééjì á sọ pé 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn bí gáàsì ṣe fún pọ̀ tó), yóò tutù tán, ẹ ó bá 170 níbẹ̀. Wọn ò jí i. Bí gáàsì ṣe rí nìyẹn. Ẹ rọ ọ́ lówùúrọ̀ tàbí lálẹ́ bí ẹ bá ráàyè.

Ó yá, ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbé fóònù yín súnmọ́ etí.

Ẹ ti gbọ́ ẹni tó ń sọ pé òun yí ọkọ̀ òun sí gáàsì, kò pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà, pé ó ń lọ́ra kó tó kúrò lórí epo, pé yìnyín bo rẹ́gúlétọ̀, ohun tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ó ní gáàsì ò dáa. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: TẸMOSITÁÀTÌ RẸ DÀ?

Ẹ ó rí i pé kò sí. Mẹ́káníìkì ti yọ ọ́ dànù látìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà ní tòkunbọ̀. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ìlú wa gbóná, ìlú àwọn òyìnbó ló tutù, ẹ ò nílò ẹ̀." Irọ́ ni. Ó kàn rọrùn láti yọ ọ́ ju kéèyàn wá ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná jù lọ ni: rédíétọ̀ tó ti dí, fáànù tí kì í yí mọ́, pọ́ọ̀ǹpù omi tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti jẹ.

Ẹni tó ń se ẹ̀wà, tó wá ní kíṣìnnì ti gbóná jù, tó gbé ìdérí ìkòkò sọnù! Èédú á máa jó, ẹ̀wà ò ní rọ̀. Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Tẹmositáàtì ló ń ti omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná tó. Ti ọ̀pọ̀ Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82°C. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa sáré lọ sínú rédíétọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ṣáná. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì ń jí lọ́wọ́, yóò máa da epo kún un. Epo yẹn ni ẹ̀ ń sanwó ẹ̀ lójoojúmọ́ láìmọ̀. Kódà tí ẹ ò bá ní í yí ọkọ̀ sí gáàsì láéláé, ẹ dá tẹmositáàtì yẹn padà.

Ti gáàsì wá burú jù. Inú sìlíńdà, gáàsì wà ní 200 bar. Rẹ́gúlétọ̀ ló ń sọ ọ́ di bar díẹ̀ kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Gáàsì tó bá fẹ̀ lójijì báyẹn máa ń tutù gan-an, ó lè di rẹ́gúlétọ̀ pa. Kí ni wọ́n fi ń mú un gbóná? Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi rọ́bà méjì fà wá síbẹ̀. Bákan náà, kọ̀ǹpútà gáàsì kì í kúrò lórí epo àfi tí rẹ́gúlétọ̀ bá dé ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣètò sí i, bí 40°C nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ wá rò ó wò: omi ò gbóná, rẹ́gúlétọ̀ ò gbóná, ọkọ̀ ń jẹ epo lọ, ẹ̀yin sì ti san mílíọ̀nù kan kó má bàa jẹ epo. Hà!

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ fọwọ́ kan rọ́bà ńlá tó wọ orí rédíétọ̀ lókè. Ẹ ṣọ́ bẹ́líìtì àti fáànù o. Tí tẹmositáàtì bá wà, rọ́bà yẹn á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí níbẹ̀, tàbí ó ti há ní ṣíṣí. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò lè wo ìwọ̀n ooru omi bí ọkọ̀ bá ń rìn: ó yẹ kó wà láàárín 85 sí 95. Tó bá ń rìn ní 65, ẹ ti rí ìdáhùn. Tó bá jẹ́ kóòdù P0128 ló gbé jáde, èyí tó ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ, ẹjọ́ ti parí.

Ẹ ra èyí tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu. Ihò kékeré kan máa ń wà lára ti Toyota tó ní irin tín-ín-rín tó ń mì nínú rẹ̀; òkè lẹ máa kọ ọ́ sí, kí atẹ́gùn lè ráyè jáde. Omi lásán kọ́ lẹ máa dà sí i. Kúláǹtì ni, èyí tí wọ́n ti pò tàbí ìdajì kúláǹtì pẹ̀lú ìdajì omi dísítílì (distilled water). Omi kànga máa ń dípẹtà, ọ̀nà omi inú rẹ́gúlétọ̀ sì tín-ín-rín. Ìpẹtà yẹn ló máa ń dí i. Tí ẹ bá sì dá tẹmositáàtì padà tí ẹ́ńjìnnì tún ń gbóná jù, Ẹ MÁ TÚN YỌ Ọ́. Àrùn tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́sí ló jáde yẹn. Ẹ tún un ṣe.

Púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, kíákíá: ó ṣòro láti tan gáàsì ju epo lọ, iná tó lágbára ló ń fẹ́. Kọ́ìlì tó ń ti ara ẹ̀ lórí epo á fìdí janlẹ̀ lórí gáàsì, ọkọ̀ á máa já. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ẹnu púlọ́ọ̀gì wọn jẹ́ mm 1.0 sí 1.1, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń dín in kù sí 0.7 tàbí 0.8 fún gáàsì. Fíltà afẹ́fẹ́, ẹ mọ ìyẹn.

Sìlíńdà ló kàn. Mo máa pariwo níbí.

SÌLÍŃDÀ GÁÀSÌ ÌDÁNÁ KÌ Í ṢE SÌLÍŃDÀ CNG! Gáàsì tẹ́ ẹ fi ń se ọbẹ̀ kì í sábà tó bar 10 nínú sìlíńdà tirẹ̀. CNG jẹ́ 200. Tí ẹ bá fẹ́ fi gééjì fọkanáísà wò ó, táyà yín jẹ́ nǹkan bí 32. CNG jẹ́ bí 2,900. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù nígbà tó ń rọ gáàsì ní Benin City, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn aláṣẹ ètò CNG ní sìlíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ti CNG, ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ń bá yín ná an ní ìdajì owó, ibẹ̀ ló ti ń dín in kù.

Torí náà, kí wọ́n tó dè é mọ́ bùútù, ẹ ní kí wọ́n gbé sìlíńdà wá síta, kí ẹ yí i ká. Irin CNG kò ní ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ kankan lára. Kò sí. Tí ẹ bá rí ibi tí wẹ́dà ti fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ bíńtín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọrùn rẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí CNG, ISO 11439 tàbí ECE R110 (àmì pé wọ́n ṣe é bí ìlànà sìlíńdà CNG ṣe sọ), 200 bar, iye lítà tó ń gbà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ìgbà tó máa parí iṣẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún 15 sí 20. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọdún 3 sí 5. Sìlíńdà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà tuntun tí ọ̀rọ̀ ọrùn rẹ̀ ò ṣeé kà mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ tún rántí pé onírin lítà 65 yẹn máa ń wúwo tó àgbàlagbà kan. Ẹ yẹ sípíríìǹ ẹ̀yìn wò.

Bí wọ́n bá dè é tán, iṣẹ́ ò tíì parí o. Wọ́n gbọ́dọ̀ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí wọ́n wà á jáde sí títì, kí wọ́n ṣètò rẹ̀ lórí gáàsì kó bá ti epo mu. Tí wọ́n bá kàn ní "ọ̀gá, ó ti ń ṣiṣẹ́" nínú ọgbà wọn, ẹ má tíì sanwó tán. Gáàsì tó kéré jù ń jó fáàfù ẹ́ńjìnnì.

Báyìí, táǹkì epo. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ẹ MÁ JẸ́ KÍ EPO TÁN NÍNÚ RẸ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti yí ọkọ̀ tán máa ń rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ilé epo. Inú epo ni pọ́ọ̀ǹpù epo ń gbé, epo ló ń mú un tutù, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó sì ń yí lọ bí ẹ tilẹ̀ wà lórí gáàsì. Tí táǹkì bá gbẹ, á jóná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ò ní ṣáná, torí orí epo ló ti ń ṣáná. Kí ìdámẹ́rin táǹkì má kúrò níbẹ̀. Kí ẹ sì máa fi epo rin díẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ojú ibi tí epo ti ń tú sínú ẹ́ńjìnnì má baà dì.

Lóṣooṣù, ẹ po ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi, kí ẹ fi kànìnkànìn kùn ún sí gbogbo ibi tí páìpù ti so mọ́ra, láti ẹnu sìlíńdà dé rẹ́gúlétọ̀. Ibi tó bá ń ru, ó ń jò. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dè é nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú páìpù. Ẹ ti fáàfù sìlíńdà pa, kí ẹ fi epo wà á lọ bá ẹni tó ṣe é. Tí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ yà sẹ́bàá títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti bùútù sílẹ̀ gbayawu. CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ tó bá ráyè. Ẹ yí fáàfù orí sìlíńdà sí ọwọ́ ọ̀tún títí yóò fi dúró. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáná síga, kí ẹnikẹ́ni má sì tún fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ títí òórùn yẹn á fi lọ pátápátá.