Ẹ Má Ka Ẹyin Nìkan, Ẹ Wọ̀n Ọ́n!

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìgbín méjì rèé lórí tábìlì mi níbí l'Ákùúrẹ́. Ẹ wo èyí: Archachatina marginata, ìgbín igbó tiwa. Ẹyin tó ń yé lẹ́ẹ̀kan kì í sábà kọjá 18, àmọ́ ẹyọ kan tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ. Èkejì, Achatina fulica, ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni. Ó lè yé ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan ò sì tó hóró àgbàdo. Èwo lẹ máa mú?

Mo gbọ́ yín! "Ọlọ́gọ́rùn-ún!" Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ń ṣì í.

Iyán odó kan ni ìyá gún. Tó bá bù ú fún ọmọ 10, òkèlè á kún ọwọ́. Tó bá jẹ́ 100, kálukú á kàn fi ìka lá a ni. Èmi tí wọ́n bí sílé èrò, mo mọ ohun tí mò ń wí! Ọmọ ẹyin ńlá á jáde pẹ̀lú ara. Oòrùn ò ní tètè gbẹ ẹ́. Ti ọlọ́gọ́rùn-ún, ọ̀pọ̀ á kú, díẹ̀ á kù. Òun náà kì í ṣe òmùgọ̀ o, iye ló fi ń jà.

Ó yá, adìyẹ. Òròmọdìyẹ máa ń wúwo tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹyin rẹ̀: ẹyin gíráàmù 60, ọmọ bíi 40. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ń sin adìyẹ, ẹyin àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni mo kó sínú ẹ̀rọ. Wọ́n pa lọ́jọ́ 21, àmọ́ wọ́n kéré, wọ́n ń ṣubú bí ọ̀mùtí.

Pupa inú ẹyin ni oúnjẹ tí ìyá dì fún ọmọ. Kó tó pa, á fà á wọ ikùn, òun ni yóò fi gbé bí ọjọ́ méjì láìjẹun. Nítorí náà, ẹ gbọ́ o: Ẹ BỌ́ ÌYÁ KÓ TÓ YÉ! Mo ní KÓ TÓ YÉ! Fítámì tí kò sí nínú oúnjẹ ìyá, ibo ni yóò gbà dénú ẹyin? Ẹ lọ èèpo ẹyin fún ìgbín yín pẹ̀lú.

Ẹ má wá lọ máa wá ẹyin gbàǹgbà kiri o. Àgbébọ̀ tó ti darúgbó ń yé ńlá, èèpo rẹ̀ á wá fẹ́lẹ́. Ààrin ni kẹ́ ẹ mú.

Òṣùwọ̀n nìyí. Ẹ kó ẹyin yín wá.