Ẹran Àlẹ̀mọ́ Nídìí Eyín àti Nídìí Implant: Ohun Tó Ń Mú Un Yè, Ohun Tó Ń Pa Á

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin dókítà eyín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtigbin eyín, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Ẹran tí a gé ní àjà ẹnu láti lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ti pàdánù ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá tètè wọ inú rẹ̀, á yè. Bí kò bá wọ̀ ọ́, á jẹrà. Láti orí abẹ tí a mú dé orí ohun tí aláìsàn jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Kí ló ń mú ẹran sún kúrò lára eyín? Ìdọ̀tí tó ti di òkúta wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹnu wọn mọ́ tónítóní náà ń rí i. Pákò kò burú. Ọwọ́ líle tí a fi ń ha á síwá sẹ́yìn ló burú, bákan náà sì ni búrọ́ọ̀ṣì tó le. Eyín tó bá yọ síta ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹran tó bò ó máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń tètè sún. Ẹ kọ́kọ́ tún ọwọ́ ìfọnu ṣe, ẹ ha òkúta ìdí eyín kúrò, kí ẹ tó gbé abẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹran tuntun náà á tún sún.

Ẹ má ṣe ṣèlérí fún aláìsàn kí ẹ tó wo àárín eyín sí eyín. Bí ẹran àti egungun àárín eyín bá wà ní pípé, gbòǹgbò tó yọ síta ṣeé bò tán. Bí àárín eyín bá ti jẹ díẹ̀, ó lè má bò tán. Bó bá jẹ ju ti iwájú eyín lọ, kò sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe tí yóò bò ó tán. Ìpínsọ́nà mẹ́ta tí dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Cairo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 nìyẹn, òun sì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń lò báyìí.

Ti implant, ìyẹn irin tí a gbìn sínú egungun láti rọ́pò gbòǹgbò eyín, yàtọ̀. Eyín tí Ọlọ́run dá ní okùn tín-tìn-tín tó so ẹran mọ́ gbòǹgbò, ó sì ní awọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láàárín gbòǹgbò àti egungun. Irin títáníọ́mù kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì: okùn kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Nítorí náà, ẹran tó yi, tí kì í bá ètè rìn, ṣe pàtàkì níbẹ̀. A fẹ́ kí ó fẹ̀ tó mìlímítà 2 ó kéré tán. Níwájú ẹnu, a tún fẹ́ kí ó nípọn tó mìlímítà 2, kí àwọ̀ irin má baà hàn. Àwọn kan ní ẹni tó ń fọnu dáadáa kò nílò rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí búrọ́ọ̀ṣì bá ń kan ẹran rírọ̀ tó sì ń dùn ún, aláìsàn á yẹra fún ibẹ̀, ìdọ̀tí á kó jọ, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Oríṣi ẹran àlẹ̀mọ́ méjì ni a ń lò jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a bù pẹ̀lú awọ rẹ̀ tí a rán sí gbangba; ó dára nídìí implant ìsàlẹ̀ tí kò ní ẹran tó yi. Ìkejì ni ẹran abẹ́ awọ, tí a tì sábẹ́ ẹran ibẹ̀ gan-an. Dókítà méjì, Langer àti Langer, ló kọ ọ́ jáde ní 1985 fún bíbo gbòǹgbò eyín. Fún àwa èèyàn dúdú, ọ̀rọ̀ àwọ̀ wà níbẹ̀ tí ìwé òyìnbó kì í tẹnu mọ́. Ìdí eyín ọ̀pọ̀ wa dúdú, àjà ẹnu sì pọ́n. Bí ẹ bá lẹ ẹran aláwọ sí iwájú ẹnu, á dà bí ìgbà tí a fi aṣọ funfun lẹ ṣòkòtò dúdú. Ẹran abẹ́ awọ kò ní ìṣòro yìí, nítorí ẹran dúdú ibẹ̀ ló ṣì wà lókè. Bó bá jẹ́ pé ẹran aláwọ náà ni ẹ máa lò, ẹ sọ fún aláìsàn ṣáájú.

Ibi tí a ti ń bù ú ni àjà ẹnu, láti ẹ̀yìn eyín ṣóńṣó dé ẹ̀gbẹ́ eyín ńlá àkọ́kọ́. Ẹ fi mìlímítà 2 sílẹ̀ sí etí ẹran ìdí eyín. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà lókè: bí àjà ẹnu bá pẹlẹbẹ, ó lè má ju mìlímítà 7 lọ sí ọrùn eyín, èyí tó ga níwọ̀nba, bíi 12, èyí tó jìn gan-an, bíi 17. Ẹ wò ó kí abẹ tó wọlé. Mìlímítà 1 sí 1.5 tó fún nípọn rẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ẹran aláwọ máa ń sún kì bíi ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí náà, ẹ bù ú kí ó tóbi ju ibi tí ẹ fẹ́ bò lọ.

Níbi tí a máa lẹ̀ ẹ́ sí, ẹ fi awọ fẹ́lẹ́ tó bo egungun sílẹ̀, kí ẹ sì bó gbogbo ẹran tó ń mì kúrò lórí rẹ̀. Gbòǹgbò eyín kì í ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹran àlẹ̀mọ́ gbọ́dọ̀ kọjá etí ibi tó ṣófo ní mìlímítà 3 kí ó lè rí ẹ̀jẹ̀ mu ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi òwú tín-ín-rín (nọ́ńbà 5-0 tàbí 6-0) rán an, kí ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ìkejì ni mímì. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ètè aláìsàn: bí ẹran náà bá mì, ẹ tún un rán. Fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, omi ara nìkan ni ẹran àlẹ̀mọ́ náà ń mu; lẹ́yìn náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké á máa wọ inú rẹ̀. Ó lè funfun, kí awọ òkè rẹ̀ sì bó. Ẹ má ha á.

Ní ti ohun tí a ń fi rọ́pò ẹran àjà ẹnu, ọ̀pọ̀ kọ́lájìn (èròjà tó ń mú awọ àti ẹran yi) tó wà lọ́jà ni wọ́n fi ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ní ìlú bí Ìlọrin, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún aláìsàn, kí ẹ sì gba àṣẹ rẹ̀, kódà bí kò bá béèrè. Àwọn mìíràn ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí ìgò mìlílítà 10 tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i ní ìyípo 2700 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 12, kí ó lè di PRF, ìyẹn àlẹ̀mọ́ tí a fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ó ń dín ìrora àjà ẹnu kù, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹran fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó dì. Bí iná NEPA bá lọ láàárín, ti ìyẹn bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ní ìnfátà.

Fún aláìsàn: ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ wà ní ìkáwọ́, kí sìgá àti áásà sì dúró ṣáájú. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ Ramadan, ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é, kí ó lè mu omi àti oògùn lásìkò. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀. Omi chlorhexidine, oògùn apakòkòrò ẹnu, ni kó fi ṣan ẹnu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wàrà, ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín tó ti tutù dára. Kókóró, ẹ̀pà àti ẹran sísun kò dára. Kó má máa fa ètè láti wò ó nínú dígí, torí àwọn tó ń wò ó lójoojúmọ́ ló ń mú un mì jù. Ọjọ́ 10 sí 14 ni a ń yọ òwú. Bí àjà ẹnu bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ó fi gọ́ọ̀sì tútù tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin fún 20 ìṣẹ́jú láìṣí i wò. Bí kò bá dá, kí ó padà wá kíákíá, kó má dúró dilẹ̀ mọ́.