Ìgbì Rédíò Kì í Ṣe Ojú Ọ̀run Ẹyẹ

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Bó bá jẹ́ ẹyẹ là ń wí, òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìgbì rédíò, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ̀rọ méjì bá sọ̀rọ̀ pa pọ̀ lórí ìkànnì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ wọn á forí gbárí, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mú ìkankan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ro ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù bí ìtàn ìyára. Èmi gbà pé ìtàn bí àwọn ẹ̀rọ ṣe kọ́ láti jọ lo afẹ́fẹ́ ni.

Hawaii ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lóṣù kẹfà ọdún 1971, Norman Abramson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì ALOHAnet. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló wà, àwọn tó fẹ́ lò ó sì wà káàkiri àwọn erékùṣù. Wọ́n wá ṣe àpótí kan tó ń gé ọ̀rọ̀ sí ìdì-ìdì, tó sì ń fi rédíò rán wọn. Lẹ́tà 80 péré ni ìdì kan lè gbé, pẹ̀lú àdírẹ́sì níwájú àti àmì tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ̀rọ tó ń gba àwọn ìdì náà wọlé fún kọ̀ǹpútà ńlá, Menehune ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ àwọn èèyàn kúkurú inú àlọ́ Hawaii.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìdì kan. Àpótí mi á jù ú sáfẹ́fẹ́ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá gúnlẹ̀, Menehune á dáhùn pé òun ti gbà á. Bó bá forí gbárí pẹ̀lú tẹlòmíì, kẹ́kẹ́ á pa. Àpótí mi á dúró díẹ̀, á tún un fi ránṣẹ́. Ìdúró yẹn ò gbọ́dọ̀ dọ́gba: bí èmi àti ìwọ bá dúró ìwọ̀n kan náà, a ó kàn tún forí gbárí ni. Inú àìdọ́gba yẹn ni ọgbọ́n wà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ó láàlà ṣá: ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìkànnì náà ló lè wúlò jù lọ. Nígbà tó di 1972, Lawrence Roberts, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, ní kí wọ́n gé àkókò sí ìwọ̀n-ìwọ̀n, kí ìdì máa gbéra níbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n nìkan. Iye yẹn sì di ìlọ́po méjì.

Ìyára ALOHAnet jẹ́ bíìtì (ẹyọ 0 tàbí 1) 9,600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ di iye yẹn mú.

Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí GSM, ètò fóònù alágbèéká, dé, ohùn ni wọ́n ṣe é fún, ìgbà tí fóònù bá ń tọrọ àyè nìkan ló ń lo ẹ̀kọ́ Hawaii. Nígbà tí fóònù Nokia 9000 Communicator jáde ní 1996, ìpè ló ń pè kó tó wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì GSM kan pín sí àyè mẹ́jọ. Fóònù rẹ á gba odindi àyè kan, á sì jókòó tì í, kódà nígbà tó o bá kàn ń kàwé lójú rẹ̀. Ìyára rẹ̀? Bíìtì 9,600. Àwòrán tó wúwo tó 100,000 báìtì (bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan) á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó dé tán.

Ní 22 oṣù kejì ọdún 1999, ilé iṣẹ́ fóònù NTT DoCoMo gbé i-mode, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù tiwọn, jáde ní Japan. Bíìtì 9,600 kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìdì-ìdì ni tiwọn, iye ìdì ni wọ́n sì ń gbowó lé, kì í ṣe iye ìṣẹ́jú. Àràádọ́ọ̀ta ọ̀kẹ́ èèyàn tú yááyáá bò ó. Ìyára ò yí padà. Bí wọ́n ṣe ń pín afẹ́fẹ́ ló yí padà. Nígbà tó yá, GPRS mú ọgbọ́n ìdì wọnú GSM: wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun sẹ́yìn àwọn máàsìtì láti ya ìdì sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn, àyè sì di ti ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ lásìkò yẹn.

Wi-Fi náà ò jìnnà síbẹ̀. Ìlànà àkọ́kọ́ jáde ní 1997 pẹ̀lú mílíọ̀nù bíìtì méjì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1999, ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní 802.11b gbé e dé mílíọ̀nù 11. Ẹ wo àpótí Wi-Fi tó wà lára ògiri yẹn. Kí fóònù kan tó bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ 802.11b, á kọ́kọ́ tẹ́tí. Bí ẹlòmíì bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á dúró títí ibẹ̀ á fi dákẹ́, á wá mú nọ́ńbà kan láàárín 0 sí 31, á máa kà á wálẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹlòmíì bá sọ̀rọ̀ kó tó kà á tán, á dá kíkà dúró. Bí ẹni yẹn bá parí, á tún máa kà á lọ látibi tó bá a dé.