Òṣùwọ̀n Tí Ó Tọ́ Fún Ara Ẹni: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Bíbélì kíkà: Róòmù 12:3-8, 1 Kọ́ríńtì 15:9-10

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jí wa sí ayé lónìí, nílùú Ìbàdàn àti níbi gbogbo tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti bá yín. Kí ọjà Bódìjà tó kún, kí ọkọ̀ tó dí ojú ọ̀nà Mọ́kọ́lá pa, ẹ jẹ́ kí a jókòó díẹ̀ níwájú Olúwa lórí ìbéèrè kan tí a kì í sábà bi ara wa: irú ojú wo ni a fi ń wo ara wa?

Nínú Róòmù orí 12 ẹsẹ 3, àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù rọ olúkúlùkù onígbàgbọ́ pé kí ó má ṣe ro ara rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kí ó máa rò níwọ̀ntúnwọ̀nsì, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìgbàgbọ́ tí Ọlọ́run pín fún un. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ka ẹsẹ yìí sí ìkìlọ̀ fún agbéraga, ìkìlọ̀ sì ni ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kí ó rò níwọ̀ntúnwọ̀nsì kò gba àṣẹ láti ka ara rẹ̀ sí aláìjámọ́ nǹkan. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀, nítorí àwọn ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e ni ó fi sọ fún àwọn ará Róòmù pé ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ wọn: kí ẹni tí ó ń kọ́ni tẹra mọ́ kíkọ́ni, kí ẹni tí ó ń fúnni fi inú kan ṣe é, kí ẹni tí ó ń ṣe olórí má ṣe ọ̀lẹ nídìí rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà pé Ọlọ́run fi ohun kan lé òun lọ́wọ́ kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Gbogbo ẹni tí ó bá ń ra gàrí tàbí ẹ̀wà lọ́jà mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kóńgò tí ó pé àti èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òwe 11:1 sọ pé ìríra ni ìwọ̀n èké lójú Olúwa, Deutarónómì 25:13-14 sì kọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì láti ní òṣùwọ̀n méjì nínú ilé, ńlá àti kékeré. Àwọn oníṣòwò ni a sábà máa ń ka ẹsẹ wọ̀nyí sí létí, ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn pé ó kan gbogbo wa, nítorí pé òṣùwọ̀n méjèèjì wà nínú ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ńlá ni à ń mú jáde nígbà tí a bá fẹ́ wọn iṣẹ́ rere wa, kékeré ni à ń mú jáde fún ẹ̀ṣẹ̀ wa. Ẹlòmíràn sì wà tí tirẹ̀ yí padà, tí ó ń fi ńlá wọn àṣìṣe rẹ̀, tí gbogbo oore tí Ọlọ́run ṣe sínú ayé rẹ̀ kò sì tó ẹ̀kúnwọ́ lójú rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe ń parọ́ ni ẹni kejì náà ń parọ́, bí a tilẹ̀ ń yìn ín nínú ìjọ pé onírẹ̀lẹ̀ ni.

Ẹ wo Sọ́ọ̀lù, ọba àkọ́kọ́ ní Ísírẹ́lì. Ní ọjọ́ tí wọn yóò fi í hàn fún àwọn ènìyàn, wọ́n wá a títí, àárín ẹrù ni ó sá pamọ́ sí (1 Sámúẹ́lì 10:22). Bí àwa náà bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a sọ pé ẹ̀mí ìrẹ̀lẹ̀ wà lára ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a óò fi dé orí 15, ọkùnrin yìí kan náà ti lọ sí Kámẹ́lì láti gbé ọ̀wọ̀n ìrántí kalẹ̀ fún ara rẹ̀, lẹ́yìn ogun tí kò jà bí Ọlọ́run ti pàṣẹ. Sámúẹ́lì ní láti rán an létí ìgbà tí ó kéré lójú ara rẹ̀. Kí ni ó so ẹni tí ó sá sáàárín ẹrù pọ̀ mọ́ ẹni tí ó gbé ọ̀wọ̀n kalẹ̀? Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi dáhùn ní ẹsẹ 24, nígbà tí ó jẹ́wọ́ pé òun bẹ̀rù àwọn ènìyàn. Kódà lẹ́yìn tí ó gbọ́ pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́ ní ọba, ohun tí ó ń bẹ Sámúẹ́lì fún ni pé kí ó bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbààgbà. Ohun tí àwọn ènìyàn bá wí ni Sọ́ọ̀lù fi ń wọn ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí orin àwọn obìnrin, tí wọ́n fi yin Dáfídì jù ú lọ, fi bà á lọ́kàn jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi ojú ìlara wo ọmọkùnrin náà láti ọjọ́ náà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan wa jù nìyí. Àwọn àgbàlagbà wà káàkiri ìlú yìí, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti kọ́lé, tí ọ̀rọ̀ tí òbí tàbí olùkọ́ kan sọ sí wọn ní kékeré kò tíì kúrò lára wọn: "Olódo ni ẹ́." "O ò lè dà bí ẹ̀gbọ́n rẹ láéláé." "Ta ni yóò fẹ́ ẹ pẹ̀lú dúdú rẹ yìí?" Ẹni tí ó sọ ọ́ ti gbàgbé, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ṣì ń gbé e kiri. Nítorí rẹ̀ ni òmíràn ṣe ń fi ìpara bó àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn, tí òmíràn sì ń gba oyè ìwé lórí oyè ìwé, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìmọ̀, bí kò ṣe pé ó ṣì ń dá olùkọ́ ọjọ́sí lóhùn. Òmíràn kò lè gba ìbáwí kankan, nítorí pé bí ọ̀gá rẹ̀ ní sẹkitéríàtì bá ní kí ó tún lẹ́tà kan kọ, ohùn àtijọ́ yẹn ni ó ń gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, bí àwọn ọmọ ti ń múra ilé-ìwé lọ́wọ́ yìí, ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí wọn. Ẹ bá wọn wí bí wọ́n bá ṣe ohun tí kò dára, kí ẹ sì sọ ohun náà gan-an tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àṣìṣe wọn sọ wọ́n lórúkọ.

Ọ̀nà tí àwa nínú ìjọ sábà máa ń gbà wo irú ọgbẹ́ yìí ni pé kí a kọ́ àwọn ènìyàn láti máa kéde ní òwúrọ̀ pé orí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìrù. Ìlérí Ọlọ́run ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka Deutarónómì 28 láti ẹsẹ kìn-ín-ní, ẹ ó rí i pé ìgbọ́ràn ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó kó owó àjọ jẹ, tí ó sì ń kéde láràárọ̀ pé orí ni òun, kò tíì wo ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, oríkì ìlú wa lè kọ́ wa ní nǹkan. Oríkì Ìbàdàn kò fi ogun tí a jà pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi òṣì wa pamọ́. Ó pè wá ní ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó fi ìkarahun fọ́rí mu, nítorí ìtàn àwọn àgbà wí pé nígbà tí ogun tú ìlú Lágelú, ẹni tí ó tẹ Ìbàdàn dó, orí òkè ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín, tí ìkarahun ìgbín sì di ohun tí wọ́n fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì náà tún wí pé a kì í wáyé kí a má ní àrùn kan lára, ìjà ìgboro ni àrùn Ìbàdàn. Àwọn tí ó ń ki ìlú náà kò ka àbùkù yìí sí ohun tí ó pa ògo rẹ́, wọn kò sì tìtorí ògo sọ àbùkù di ohun àmúyangàn. Àrùn ni wọ́n pè é. Bí àwọn baba wa tí ìyìn rere kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn bá lè sọ òtítọ́ báyìí nípa ìlú wọn, kí ni ó ń ba àwa tí a ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì lẹ́rù?

Irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù sọ nípa ara rẹ̀ nínú 1 Kọ́ríńtì 15. Ó ní òun ni ó kéré jù nínú àwọn àpọ́sítélì, òun kò tilẹ̀ yẹ ní ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ṣe inúnibíni sí ìjọ Ọlọ́run. Kò wí àwáwí kankan. Lójú ẹsẹ̀ kan náà ni ó tún sọ pé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni òun rí bí òun ti rí, pé òun sì ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, kì í ṣe òun, bí kò ṣe oore-ọ̀fẹ́ tí ó wà pẹ̀lú òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹsẹ méjì wọ̀nyí lákàtúnkà. Ohun tí ó jẹ́ kí ó lè sọ méjèèjì wà nínú orí 4 ẹsẹ 3 sí 4 ìwé kan náà, níbi tí ó ti ní ìdájọ́ ènìyàn kò jẹ́ nǹkan ńlá sí òun, òun kò tilẹ̀ dá ara òun lẹ́jọ́, Olúwa ni ó ń dá òun lẹ́jọ́. Olúwa yìí ni ó dá wa ní àwòrán ara Rẹ̀, tí ó sì rántí pé erùpẹ̀ ni wá (Sáàmù 103:14). Ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ wa ju bí àwọn ọ̀tá wa ti mọ̀ ọ́n lọ, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Rẹ̀ ni ó fi rà wá.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ tí Bíbélì fi dé ọwọ́ wa ní èdè Yorùbá, mọ òtítọ́ yìí. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú láti Òṣoògùn, tí wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 1837, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, títí kan bí ó ṣe gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí ìbànújẹ́. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Ẹrú tí a tà ni, bíṣọ́ọ̀bù sì ni, kò sì sẹ́ ìkan nítorí èkejì.

Lónìí, ẹ gba Gálátíà 6:4 gbọ́, kí olúkúlùkù yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí àwòrán ilé àti ọkọ̀ tí àwọn ojúgbà yín ń gbé sí Facebook bá ti ń da ọkàn yín láàmú, nítorí 2 Kọ́ríńtì 10:12 sọ pé àwọn tí ń fi ara wọn wé ara wọn kò ní òye. Ẹ bi ọkọ tàbí aya yín, tàbí ọ̀rẹ́ kan tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, pé kí ni ó rí nínú yín tí ó dára, kí sì ni ó yẹ kí ẹ tún ṣe. Kí ẹ sì dákẹ́ títí tí yóò fi sọ ọ́ tán.

Ẹni tí ó bá ti mọ ara rẹ̀ báyìí ti bọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì lè sin ẹlòmíràn. Jòhánù 13:3-5 sọ pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni òun sì ń lọ; ó wá dìde nídìí oúnjẹ, ó di aṣọ ìnura mọ́ ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn. Arábìnrin tí ó mọ iye tí Ọlọ́run san lórí òun lè gbá ilẹ̀ ilé ìjọsìn láìretí kí a dárúkọ òun, bí wọ́n bá sì yàn án pé kí ó darí ìpàdé àdúrà, kò ní í sá sáàárín ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, mo dúpẹ́ pé Ìwọ ni o dá mi, tẹ̀rù-tẹ̀rù àti tìyanu-tìyanu. Dárí jì mí fún gbogbo ìgbà tí mo kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ nínú ara mi, àti ìgbà tí mo gba ògo tí ó jẹ́ Tìrẹ. Wádìí mi, Ọlọ́run, kí o sì mọ ọkàn mi. Ohun tí n kò fẹ́ rí nínú ìwà mi, fi hàn mí, kí o sì fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti jẹ́wọ́ rẹ̀ láìwí àwáwí.

Olúwa, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn sọ sí mi láti kékeré, tí kò bá ohun tí Ìwọ wí nípa mi mu, fà á tu kúrò nínú ọkàn mi lónìí. Àwọn tí èmi náà ti fi ẹnu mi ṣá lọ́gbẹ́, wò wọ́n sàn, kí o sì fún mi ní ìgboyà láti lọ bẹ̀ wọ́n.

Mo gbàdúrà fún ọmọ tí kò yege ìdánwò, fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fún ìyá tí ó ń dúró de ọmọ, fún baba tí kò rí owó ilé-ìwé san: má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí wọn kò ní wọn ara wọn. Mo gbàdúrà fún àwọn tí o ti gbé ga nílùú yìí, nínú ìjọ, lọ́jà àti nínú ìjọba, kí wọ́n lè gbọ́ òtítọ́ nígbà tí a bá sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ̀bùn tí o fi sí mi lọ́wọ́, Olúwa, jẹ́ kí n lò ó lónìí fún ẹnì kan tí ó nílò rẹ̀, yálà ènìyàn rí mi tàbí wọn kò rí mi. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa ni mo gbàdúrà. Àmín.